TA NI Ó NI GÓÒLÙ NÁÀ?

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá nínú ìwé ìròyìn wa ti oṣù yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré ní etí àwọn ẹlòmíràn, nítorí tí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi eré ni ìwà ọmọ ti í kọ́kọ́ yọ jáde. Ohun tí ènìyàn bá jẹ́ lórí pápá, nígbà tí ara rẹ̀ gbóná tí kò sì ní àyè láti ṣe àṣehàn, ohun náà ni yóò jẹ́ nínú ilé, ní ibi iṣẹ́ àti nínú ìjọ Ọlọ́run. Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, ẹ fi sùúrù gbọ́ mi dé òpin.

Ẹni tí ó bá rìn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta láti Aláúsá lọ sí Àgídìǹgbí, tí ó sì gba Ọ̀gbà jáde sí Agége, kò lè ṣàì rí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń gbá bọ́ọ̀lù ní ibikíbi tí ilẹ̀ bá ti tẹ́jú díẹ̀. Àwọn kan jẹ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Àwọn kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹnu iṣẹ́ dé láti àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó wà ní Ìkejà. Bí ó bá dúró wò wọ́n fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, yóò gbọ́ igbe kan léraléra: "Gbá a fún mi! Gbá a fún mi!" Yóò sì rí i pé ẹni tí bọ́ọ̀lù wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ kì í sábà dáhùn. Kì í ṣe pé etí rẹ̀ di. Ọkàn rẹ̀ ni ó ti lọ sí ibòmíràn. Ó ti ń gbọ́ ìyìn tí a óò fi yìn ín nígbà tí ó bá gbá a wọlé.

Kí n tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́, ó tọ́ kí n kọ́kọ́ dá ara mi lẹ́jọ́. Ní àkókò kan tí mo ń ṣe olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní agbègbè yìí, a fi ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àwọn ọmọ náà sí abẹ́ ìtọ́jú mi. Mo fẹ́ kí wọ́n borí, mo sì rò pé mo mọ ọ̀nà rẹ̀. Mo pè wọ́n jọ, mo wí fún wọn pé, ẹni tí ó bá gbá góòlù wọlé jù lọ nínú ìdíje náà, èmi yóò ra bàtà bọ́ọ̀lù tuntun fún un. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n hó yèè, inú èmi náà sì dùn sí ọgbọ́n ara mi.

Ọmọ méjì ni ó ń gbá iwájú nínú ẹgbẹ́ náà, ọ̀rẹ́ sì ni wọ́n. Ṣáájú ọjọ́ náà, bí ọ̀nà bá dí mọ́ ọ̀kan, a gbá bọ́ọ̀lù fún èkejì láì tilẹ̀ wo ibi tí ó wà, nítorí tí ó mọ̀ pé yóò wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ìlérí mi, ohun gbogbo yí padà. Olúkúlùkù wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ka góòlù tirẹ̀ bí oníṣòwò tí ń ka owó alẹ́. A kò tètè pàdánù, nítorí tí ẹsẹ̀ wọn dá ju ti àwọn tí a ń bá pàdé lọ. Nítorí náà n kò fura. Nígbà tí ó di ọjọ́ àṣekágbá, àwọn tí a ń bá gbá ti gbá góòlù kan wọ àwọ̀n wa. Ó kù díẹ̀ kí rẹfirí fun fèrè ìkẹyìn. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ méjì náà gba bọ́ọ̀lù, ó sá tẹ̀ lé etí pápá títí ó fi dé ibi tí àyè há mọ́ ọn, aṣọ́lé sì ti jáde wá pàdé rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ dúró ní àárín, níwájú àwọ̀n tí ó ṣófo, ó na ọwọ́ sókè, ó ń pè é ní orúkọ. Ọmọ náà gbójú sókè, ó rí i. Gbogbo wa ni a rí i pé ó rí i. Ó sì gbá bọ́ọ̀lù náà fúnra rẹ̀, bọ́ọ̀lù sì gba ẹ̀gbẹ́ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe pàdánù.

Mo pè é sí apá kan pẹ̀lú ìbínú. Mo bi í pé, "Èéṣe tí o kò fi gbá a fún ọ̀rẹ́ rẹ?" Ọmọ náà kò parọ́, kò sì wá àwáwí. Ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, Olùkọ́, góòlù márùn-ún márùn-ún ni àwa méjèèjì ní. Bí mo bá gbá a fún un, òun ni yóò gba bàtà náà. Èyí tí mo wọ̀ yìí, ti ẹ̀gbọ́n mi ni, ó sì ti já." Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Òótọ́ ni, okùn ni ó fi so àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà náà mọ́ ara rẹ̀. N kò rí ọ̀rọ̀ sọ mọ́.

Láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè kan ti ń bá mi gbé. Ta ni ó jẹ̀bi? Ṣé ọmọ tí ó fi bàtà ṣáájú ìṣẹ́gun ẹgbẹ́ rẹ̀ ni, tàbí olùkọ́ tí ó fi bàtà náà sí iwájú rẹ̀? Ìbéèrè mìíràn sì wà lẹ́yìn èyí tí ó jinlẹ̀ jù ú lọ: bọ́ọ̀lù tí ó wọ inú àwọ̀n, ti ta ni?

Òfin eré náà fúnra rẹ̀ fún wa ní èsì kan. Òfin kò wí pé ẹni tí ó bá gbá góòlù wọlé jù lọ ni ó borí. Ó wí pé ẹgbẹ́ tí góòlù rẹ̀ bá pọ̀ jù ni ó borí. Bí ọkùnrin kan bá dá nìkan lọ sí pápá ní òru, tí ó sì gbá bọ́ọ̀lù wọ inú àwọ̀n ní ìgbà ọgọ́rùn-ún, kò tíì ní góòlù kan ṣoṣo. Kí góòlù tó lè jẹ́ góòlù, àwọn mọ́kànlá gbọ́dọ̀ dúró ní ìhà kan, kí mọ́kànlá sì dúró ní ìhà kejì. Nítorí náà ẹgbẹ́ ni ó bí góòlù; ẹni tí ó gbá a wọlé ni agbẹ̀bí rẹ̀. A máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ agbẹ̀bí, a sì máa ń fún un ní ẹ̀bùn, ṣùgbọ́n agbẹ̀bí kì í gbé ọmọ lọ sí ilé ara rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó yí wa ká mọ ọ̀rọ̀ yìí ju bí mo ti lè sọ ọ́ lọ. Níbi tí a ti ń ṣe ohun mímu, ẹnìkan a máa wo ìgò bóyá ó mọ́, ẹnìkan a máa ṣọ́ ẹ̀rọ tí ń rọ ọtí sí i, ẹnìkan a máa ṣọ́ èyí tí ń dé e lórí, ẹnìkan a sì máa kó o sínú àpótí. Bí ẹni tí ó wà ní ìdí ìdérí bá wí pé, "Èmi ni mo ṣe ọtí yìí, nítorí pé lọ́dọ̀ mi ni ó ti parí," àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yóò rẹ́rìn-ín. Síbẹ̀ ohun tí a ń fi rẹ́rìn-ín ní ilé-iṣẹ́ ni a ń pàtẹ́wọ́ fún lórí pápá.

Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn ohun tí ojú wa ti rí. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹta ọdún 1980, ní pápá ìṣeré ńlá ti Sùúrùlérè, Nàìjíríà borí Àlùjíríà pẹ̀lú góòlù 3 sí òdo, a sì gba Ife Ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí gbá méjì wọlé, Múdà Láwàl gbá ẹ̀kẹta. Nígbà tí a ka góòlù gbogbo ìdíje náà, mẹ́ta ni ti Ọdẹ́gbàmí. Ṣùgbọ́n mẹ́ta náà ni ti ará Mòrókò kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Khalid Labied. Iye wọn dọ́gba. Mélòó nínú wa ni ó mọ orúkọ èkejì yìí? Kì í ṣe pé góòlù tirẹ̀ kéré. Ife ni ó tan ìmọ́lẹ̀ sí ti Ọdẹ́gbàmí, gbogbo àwọn tí ó wọ aṣọ kan náà ni ó sì gba ife náà. Ẹni tí ó bá ń wá orúkọ fún ara rẹ̀, kí ó mọ̀ pé nínú iṣẹ́ gbogbo ẹgbẹ́ ni orúkọ ti í dúró pẹ́.

Ní ọdún 1994, ní ilẹ̀ Tùnísíà, Ràṣídì Yẹkínì, ẹni tí ìlú baba rẹ̀ ń jẹ́ Ìrá ní Ìpínlẹ̀ Kwara, gbá góòlù 5 wọlé, ó sì ju gbogbo agbábọ́ọ̀lù tí ó wà nínú ìdíje náà lọ. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ àṣekágbá, ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin, nígbà tí Sáḿbíà ti kọ́kọ́ gbá ọ̀kan wọ àwọ̀n wa, Emmanuel Amunike ni ó gbá méjèèjì tí a fi borí. Ife náà kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni pé, "Ẹsẹ̀ ta ni?" Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà, ní ìlú Dallas ní Amẹ́ríkà, Yẹkínì gbá góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà ní rí nínú Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé wọlé, nígbà tí a pàdé Bùlùgéríà. Gbogbo ayé ni ó rí àwòrán rẹ̀: ọkùnrin alágbára náà na ọwọ́ méjèèjì gba inú àwọ̀n, ó ń sunkún ayọ̀. Ó tọ́ kí ó sunkún. Àwa náà sunkún ní ilé. Ṣùgbọ́n ta ni ó wà lẹ́yìn àwòrán náà? Finidi George ni ó gbé bọ́ọ̀lù wá láti apá ọ̀tún, tí ó fi lélẹ̀ fún un ní ibi tí kò kù ju kí a fi ẹsẹ̀ kàn án. Ẹsẹ̀ Finidi kò sí nínú àwòrán. Ní ọdún 2012 ni Yẹkínì kúrò láyé, góòlù 37 ni ó sì gbá wọlé fún ilẹ̀ wa. Mo bẹ̀ yín, nígbàkúùgbà tí ẹ bá rántí àwòrán ọwọ́ náà, ẹ rántí ẹsẹ̀ tí a kò rí pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ kí n mú àpẹẹrẹ kan wá láti ìtòsí wa. Olúsósùn ní Ọrẹ́gùn kò jìnnà sí Aláúsá. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ le lè rìn dé ibẹ̀. Agbègbè náà ni a ti tọ́ Victor Osimhen dàgbà, nítòsí ààtàn ńlá tí gbogbo Èkó mọ̀, ó sì ń ta omi inú ọ̀rá láàárín àwọn ọkọ̀ ní kékeré rẹ̀. Ní ọdún 2015, ní ilẹ̀ Chile, nínú ìdíje àgbáyé ti àwọn tí kò tíì ju ọdún 17 lọ, ó gbá góòlù 10 wọlé, iye tí ẹnikẹ́ni kò gbá rí nínú ìdíje náà ṣáájú rẹ̀. Nàìjíríà sì gba ife. Ní sáà 2022 sí 2023, ó gbá 26 wọlé nínú líìgì ilẹ̀ Ítálì, ó ju gbogbo wọn lọ, Napoli tí í ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀ nígbà náà sì gba líìgì náà fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún 1990. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023 a dé e ládé gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù tí ó dára jù lọ ní Áfíríkà. Bí ẹnìkan bá wà tí ó ní ẹ̀tọ́ láti wí pé, "Èmi ni kí ẹ máa gbá a fún," òun ni.

Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, ìdíje Ife Ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà bẹ̀rẹ̀ ní Côte d'Ivoire. Góòlù kan ṣoṣo ni Osimhen gbá wọlé láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó ṣe ní ọjọ́ 27 oṣù Kìíní ọdún 2024, nígbà tí a pàdé Kamẹrúùnù. Ó lé ará ẹ̀yìn wọn kan bá, ó gba bọ́ọ̀lù mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ó sì gbé e fún Adémọ́lá Lookman, òun ni ó sì gbá a wọlé. Lookman tún gbá èkejì, a borí pẹ̀lú 2 sí òdo. Òun náà ni ó gbá ọ̀kan ṣoṣo tí a fi borí Àǹgólà. Ìlú tí ó ti wò ó pé góòlù ni Osimhen yóò fi sìn ín, rí i tí ó fi òógùn sìn ín. Nígbà tí oṣù Kejìlá ọdún náà dé, adé tí ó wà lórí Osimhen bọ́ sórí Lookman. Góòlù mẹ́ta tí ó gbá wọlé fún Atalanta nínú àṣekágbá kan ní ilẹ̀ Yúróòpù wà lára ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ fún Nàìjíríà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Èmi kò wí pé Osimhen kò ní àbùkù; ẹni tí òùngbẹ góòlù ń gbẹ a máa bínú nígbà mìíràn, ènìyàn sì ni. N kò sì wí pé ẹni tí ó bá fi fún ẹlòmíràn yóò gba ife dandan, nítorí a pàdánù àṣekágbá náà pẹ̀lú 2 sí 1 lọ́wọ́ àwọn onílé. Ohun tí mo ń wí ni pé iṣẹ́ náà dára, ìbáà gba ife, ìbáà má gbà á.

Nísinsìnyí, mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ta kò mí. Wọn yóò wí pé, bí kò bá sí ìfẹ́ góòlù lọ́kàn atamátàsé, báwo ni yóò ṣe gbá a wọlé? Òtítọ́ ni wọ́n sọ. Ẹgbẹ́ tí olúkúlùkù nínú rẹ̀ ń fi bọ́ọ̀lù bu ọlá fún ẹnìkejì kò ní gbá nǹkan kan wọlé títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Páàsì kan tilẹ̀ wà tí í ṣe páàsì ojo: ẹni tí àyè ṣí sílẹ̀ fún, ṣùgbọ́n tí ń bẹ̀rù pé bí òun bá tàsé a óò bú òun, a sì sáré gbá a fún ẹlòmíràn, kí ìtìjú lè jẹ́ ti ẹni náà. Ìyẹn kì í ṣe ìrẹ̀lẹ̀. Òun ni ẹrú inú òwe Olúwa wa, tí ó lọ wa ilẹ̀ tí ó sì bo tálẹ́ńtì rẹ̀ mọ́ ibẹ̀. Nítorí náà n kò wí pé, "Má gbá a." Ohun tí mo ń wí ni pé, ẹni tí àyè rẹ̀ dára jù ni kí ó gbá a, bí ìwọ bá ni, gbá a pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ, bí ẹnìkejì rẹ bá ni, fi fún un pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ. Ìbéèrè méjì ni ènìyàn lè fi yẹ ara rẹ̀ wò. Nígbà tí ẹlòmíràn gbá a wọlé, ǹjẹ́ inú mi dùn kí n tó ráyè ronú? Nígbà tí mo sì gbá méjì wọlé tí ẹgbẹ́ mi pàdánù, ǹjẹ́ mo lọ sílé pẹ̀lú ayọ̀? Ẹni tí ó dáhùn pé rárá sí èkíní àti bẹ́ẹ̀ ni sí èkejì, ara rẹ̀ nìkan ni ó ń gbá bọ́ọ̀lù fún.

Àtakò kejì wúwo ju èyí lọ, bàtà tí ó já sì wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ní Agége àti Ìkejà ni kò fi bọ́ọ̀lù ṣeré mọ́. Ó ti di ìrètí oúnjẹ ilé. Ìyá ń wo ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ bí àgbẹ̀ ti ń wo ojú ọ̀run. Wọ́n gbàgbọ́ pé ní ọjọ́ kan ẹnìkan tí ń wá agbábọ́ọ̀lù kiri yóò dúró ní etí pápá, àti pé ohun àkọ́kọ́ tí yóò béèrè ni, "Ta ni ó gbá a wọlé?" Bí mo bá wí fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pé kí ó gbá bọ́ọ̀lù fún ẹnìkejì, ó lè jẹ́ oúnjẹ àwọn àbúrò rẹ̀ ni mo ní kí ó gbá fún un. Ó rọrùn fún ẹni tí ó ti yó láti wàásù ààwẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni n kò ní tàn yín jẹ pé anìkànjọpọ́n kì í rí èrè. Ní ayé yìí, nígbà mìíràn, a máa rí i.

Èéṣe nígbà náà tí mo fi wí pé kò tọ́? Ẹ wo ọ̀ràn àjọ. Àwọn obìnrin mọ́kànlá dá àjọ, wọ́n fi owó náà sí ọwọ́ ọ̀kan nínú wọn. Bí ó bá kó owó náà lọ fi ṣòwò fún ara rẹ̀, ó ti ṣẹ̀. Ìbáà jẹ́ pé ó jèrè, ìbáà jẹ́ pé ebi ń pa á, ìbáà jẹ́ pé ó dá owó náà padà pé pérépéré, ó ti ṣẹ̀, nítorí pé ohun tí a fi lé e lọ́wọ́ kì í ṣe tirẹ̀. Bọ́ọ̀lù tí ó wà lẹ́sẹ̀ rẹ, àjọ ni. Aṣọ́lé ti fi ara lélẹ̀ nítorí rẹ̀. A ti ta ará ẹ̀yìn nípàá kí ó tó gbà á. Ẹnìkan ti sáré títí èémí rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pin kí ó tó gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ. Òógùn ẹni mẹ́wàá ni ó wà lẹ́sẹ̀ rẹ. Bí o bá tàsé nígbà tí ìwọ ni àyè rẹ̀ dára jù, kò sí ẹ̀ṣẹ̀. O fi owó àjọ ṣe ohun tí a rán ọ, ọjà ni kò tà. Ṣùgbọ́n bí o bá rí arákùnrin rẹ níwájú àwọ̀n tí ó ṣófo, tí o sì gbá a fúnra rẹ, o ti jẹ owó àjọ, kódà bí bọ́ọ̀lù náà bá wọlé.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe dúró níbẹ̀. Bí ọmọ náà bá jẹ gbèsè ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ náà jẹ gbèsè ọmọ náà. A kò lè wí fún ẹnìkan pé kí ó fi tirẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo wa, kí gbogbo wa sì fi í sílẹ̀ pẹ̀lú bàtà tí ó já. Àwọn baba wa wí pé àìkówọ̀ọ́ rìn ejò ni ó ń jẹ ejò níyà. Wọn kò wí pé kí ejò kan máa kówọ̀ọ́ rìn kí àwọn yòókù máa dá rìn. Ẹni tí ó bá ń kọ́ ọmọ ní ìfara-ẹni-rúbọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí i pé kì í ṣe ọmọ náà nìkan ni ó ń rúbọ. Nítorí náà, èmi olùkọ́ ni mo kọ́kọ́ jẹ̀bi. Mo mú ọ̀rẹ́ méjì, mo ju bàtà kan sí àárín wọn, mo sì bínú nígbà tí wọn kò jẹ́ ọ̀rẹ́ mọ́.

Ìwé Mímọ́ fi irú ẹ̀ṣẹ̀ mi hàn mí nínú Ìwé Sámúẹ́lì Kìíní, orí 18. A ti ṣẹ́gun àwọn Fílístínì. Ìṣẹ́gun náà jẹ́ ti gbogbo Ísírẹ́lì. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin jáde pẹ̀lú ìlù àti ijó, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye: wọ́n ka ẹgbẹẹgbẹ̀rún fún Sáúlù, wọ́n sì ka èyí tí ó ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá fún Dáfídì. Láti ọjọ́ náà ni ojú Sáúlù ti burú sí Dáfídì. Idà àwọn Fílístínì kò lè ya àwọn méjèèjì nípá. Iye kíkà ni ó yà wọ́n. Nínú Ìwé Kejì, orí 12, ẹ̀wẹ̀, a rí Jóábù níwájú ìlú Rábà. Ó ti jagun títí ó fi gba ibi omi ìlú náà. Ó kù díẹ̀ kí ìlú bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀. Dípò kí ó parí rẹ̀, ó ránṣẹ́ sí Dáfídì ọba pé kí ó wá gbà á, kí a má bàa fi orúkọ òun pe ìlú náà. Jóábù kì í ṣe ẹni mímọ́. Ẹ̀jẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kan yìí, ó gbé bọ́ọ̀lù dé ẹnu àwọ̀n, ó sì fi lélẹ̀ fún ẹlòmíràn. Áńdérù pẹ̀lú ni ó mú Símónì Pétérù wá sọ́dọ̀ Olúwa. Ní ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, nígbà tí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ọkàn gbàgbọ́ nípa ìwàásù Pétérù, a kò tilẹ̀ gbọ́ ohùn Áńdérù. Ǹjẹ́ ẹ rò pé inú rẹ̀ bàjẹ́?

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ yìí kò parí sórí pápá. Nígbà ìkórè, nígbà tí a bá ń ka iye tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan dá, ṣé ayọ̀ ilé Ọlọ́run ni ó wà lọ́kàn wa, tàbí pé kí ti ẹgbẹ́ wa ju ti èkejì lọ? Nínú ẹgbẹ́ akọrin, ṣé orin ni a fẹ́ kí ó dùn, tàbí ohùn wa ni a fẹ́ kí a gbọ́? Ẹ̀yin olùkọ́, nígbà tí ọmọ kan bá yege tí a sì ń yin olùkọ́ tí ó kọ́ ọ ní kíláàsì ìkẹyìn, ta ni ó rántí ẹni tí ó kọ́ ọ ní A, B, D? Ẹ jẹ́ kí àwa tí ń pín ẹ̀bùn ṣọ́ra, nítorí ohun tí a bá fún ní ẹ̀bùn ni àwọn ọmọ yóò kọ́, kì í ṣe ohun tí a bá wàásù. Bí a bá ń dárúkọ ẹni tí ó gbá a wọlé, ẹ jẹ́ kí a dárúkọ ẹni tí ó gbé e fún un pẹ̀lú, àti aṣọ́lé tí kò jẹ́ kí wọ́n gbá a wọlé wa. Bí àjèjì tí ń wá agbábọ́ọ̀lù bá dúró ní etí pápá, kí olùkọ́ má ṣe tijú láti fi ìka tọ́ka sí ọmọ tí ń la ọ̀nà fún àwọn ẹlòmíràn, kí ó sì wí pé, "Wo èyí dáadáa."

Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé èyí tí mo sọ, n kò ṣèlérí ẹ̀bùn fún ẹnikẹ́ni. Mo bá àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi sọ̀rọ̀, a dá owó jọ, a sì ra bàtà fún gbogbo ọmọ tí tirẹ̀ ti já, kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀. A kò gba ife ní ọdún náà pàápàá. Ṣùgbọ́n nínú eré kan, ọmọ tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí tún bá ara rẹ̀ ní etí pápá níbi tí àyè há, aṣọ́lé tún jáde wá bá a, ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì tún dúró ní àárín. Ní ọjọ́ yìí, kò gbójú sókè rárá. Ó gbá bọ́ọ̀lù náà lọ sí àárín bí ẹni tí ó mọ̀ pé ẹnìkan yóò wà níbẹ̀. Nígbà tí ó wọlé, àwọn méjèèjì sáré pàdé ara wọn, n kò sì lè mọ èwo nínú wọn ni ó gbá a wọlé bí kì í bá ṣe pé mo ti rí i tẹ́lẹ̀.

Kí Ọlọ́run, ẹni tí ó fi ẹ̀yà púpọ̀ dá ara kan ṣoṣo, kọ́ wa láti fi bẹ́ẹ̀ yọ̀ sí ayọ̀ ara wa. Àmín.